Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ mú ìbéèrè kan dání kẹ́ ẹ tó wọ kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìlera àdúgbò, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé, ohun tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù ni pé kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wo ló dáa jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Kí ló ń dùn yín ládùúgbò yín? Kí lẹ ń rí lójoojúmọ́ tí ò yé yín? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó tan dátà.

Tèmi, ọ̀rọ̀ omi ni. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa báyìí, onígbáméjì a tún yọjú, àdúgbò kan náà, ojúlé kan náà, a ó po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún wọn, a ó ní kí wọ́n máa fọwọ́, a ó gbé àwọn tó le gan-an lọ sọ́síbítù, ó tún dọdún tó ń bọ̀. Mo wá ní mo fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló ń padà sí. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ OpenLearn, ibi tí Open University ti Ìlú Ọba ti ń kó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2006, mo tún gbé e dé Coursera, ibi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ méjì ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Andrew Ng àti Daphne Koller, dá sílẹ̀ ní 2012. Ibi tí mo bá yà sí nínú ẹ̀kọ́ nípa àjàkálẹ̀ àrùn, orúkọ dókítà kan ni mo ń bá pàdé, John Snow.

Ní 1854, ìparí oṣù kẹjọ, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Broad Street, ní Soho, Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà yẹn gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fà á, Snow ní rárá, omi ni. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń sọ ọ́ nínú fídíò ni pé ó ya máàpù, ó rí i pé pọ́ǹpù omi kan ní Broad Street ló fà á, wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù, àrùn sá lọ. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí Snow fúnra ẹ̀ kọ jáde ní 1855 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú máàpù ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ kà á.

Opó kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Hampstead ló ń gbé, ibẹ̀ jìnnà sí Soho, onígbáméjì ò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ màmá yìí fẹ́ràn omi Broad Street, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé ìgò ńlá kan wá fún un láti ibẹ̀. Wọ́n gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀, ó mu ún, ó tún mu ún lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó fi di Sátidé ó ti kú. Ọmọ ẹbí ẹ̀ obìnrin kan tó wá kí i mu nínú ẹ̀, ó padà sílé ní Islington, òun náà kú, bẹ́ẹ̀ onígbáméjì ò sí ládùúgbò tó ń gbé ní Islington nígbà yẹn. Ẹ wá wo àwọn tó wà nítòsí pọ́ǹpù gan-an: ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí, èèyàn 535 ló wà níbẹ̀, 5 péré ni onígbáméjì pa, torí wọ́n ní kànga tiwọn. Òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó lé ní 70, kò pa ẹyọ ẹnìkan nínú wọn, bíà ni wọ́n ń fún wọn mu.

Snow tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tó yọ ọwọ́ pọ́ǹpù yẹn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, àrùn náà ti ń rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó fipá mú un kó sọ ìyẹn. Inú mi dùn sí i gan-an. Fídíò ti yọ ibẹ̀ kúrò, torí náà ẹni tó bá dúró síbi fídíò, àgbọ́sọ ló ní lọ́wọ́.

Ẹlòmíì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Henry Whitehead, àlùfáà ìjọ ládùúgbò náà. Kò gba Snow gbọ́, ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kó lè já a nírọ́, ìwádìí ẹ̀ ló wá gbe Snow lẹ́yìn, torí òun ló rí ìyá kan ní ilé nọ́ńbà 40 ní Broad Street tó ń da omi tó fi fọ ìlédìí ọmọ ẹ̀ tó ń yàgbẹ́ sínú kòtò ẹ̀gbin tí ò jìnnà sí kànga pọ́ǹpù yẹn rárá. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ṣé ìjọba wá tún omi ṣe torí àwọn tó kú ní Soho? Ní 1858 tí òórùn odò Thames wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí àwọn tó wà níbẹ̀ ò lè mí, ìgbà yẹn lówó jáde kí ẹnjiníà kan, Joseph Bazalgette, lè kọ́ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀. Ìlera nìyẹn, òṣèlú nìyẹn, ìtàn ni, ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo yí ìbéèrè náà padà sílé, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn omi Èkó. Ní 1908, dókítà méjì, John Randle àti Orisadipe Obasa, ló dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, torí owó omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará Èkó. Àwọn dókítà o! Ẹ rò ó pé wọ́n á sọ pé omi ẹ̀rọ dáa fún ara, àbí? Ohun táwọn ará ìlú ń sọ ni pé àwọn ní kànga, pé àwọn òyìnbó lomi ẹ̀rọ náà máa wúlò fún jù, kí ló dé tó jẹ́ àpò àwọn lowó máa ti jáde. Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti sọ. Ẹ ka ìhà méjèèjì, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà.

Ní ti dátà, ẹ má jẹ́ kí fídíò jẹ yín lówó. OpenLearn máa ń jẹ́ kéèyàn wa kọ́ọ̀sì sílẹ̀ bí ìwé PDF, ẹ wà á lóru tí dátà bá pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ kà á nígbà tí ò bá sí nẹ́tíwọ̀kì. Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? OpenLearn ń fúnni ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, Coursera sábà máa ń gbowó, àmọ́ ààyè wà láti kọ̀wé bẹ̀ wọ́n fún ìrànlọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ fún iṣẹ́, ẹ gbà á. Mi ò kà á sí nǹkan tó yẹ kéèyàn máa sáré lé.

Èmi ti ya máàpù àdúgbò wa báyìí, bébà lásán ni mo fi yà á, kànga níbí, ṣáláńgá níbẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ wọn ààyè tó wà láàárín wọn, mo sì ń bi àwọn ìyá ibi tí wọ́n ti pọnmi ní ọ̀sẹ̀ tọ́mọ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́. Ẹni tó bá wà nítòsí nínú yín tó lè máa bá mi lọ láti ojúlé dé ojúlé láràárọ̀ Sátidé, kó jọ̀ọ́ wá, torí apá òkè odò ṣì kù, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé.