Hannah ló kọ́kọ́ lọ: ìbẹ̀wò mi sí ilé ìdílé Bowne ní Flushing

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin 7 láti Manhattan ní New York, tí kò sọ̀ títí tó fi dé ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn, Flushing ló máa sọ̀ sí. Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ẹja ń jà nínú ọpọ́n níwájú ṣọ́ọ̀bù, èrò ń wọ́ tìtì. Láàárín ariwo yìí ni òpópónà Bowne wà, ilé pákó kan sì ti dúró lórí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1661. Orúkọ John Bowne, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ di Quaker (ìjọ Kristẹni kan) níbẹ̀, ni wọ́n fi ń pe ilé náà. Èmi ò lè sọ ìtàn ọkùnrin yẹn láìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Hannah Feake lorúkọ rẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ẹbí ńlá ló ti wá. Arábìnrin John Winthrop, gómìnà Massachusetts, ló bí ìyá rẹ̀, Elizabeth Fones. Henry, ọmọ Winthrop fúnra rẹ̀, ni Elizabeth kọ́kọ́ fẹ́. Omi gbé Henry lọ ní 1630, ni Elizabeth bá fẹ́ Robert Feake, wọ́n sì bí Hannah. John ní tirẹ̀, Matlock ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1627. Ó gúnlẹ̀ sí Boston ní 1649, ó gbé Hannah níyàwó ní 1656, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́jọ. Ohun tó ká mi lára jù nínú ìtàn ẹbí yìí ni pé Massachusetts tí àwọn ẹbí ìyá Hannah wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti so Mary Dyer rọ̀ ní 1660, nítorí pé Quaker ni, tí kò sì gbà kí wọ́n lé òun kúrò nílùú.

Abẹ́ àwọn Dutch, ará Netherlands, ni Flushing wà nígbà náà, Peter Stuyvesant sì ni ọ̀gá wọn. Kò fẹ́ fojú kan Quaker. Ní 1657, ó ní kí wọ́n na Robert Hodgson, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàásù, ní ìnà ìkà. Ẹni tó bá sì gba Quaker sílé, owó ìtanràn ń dúró dè é. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún náà, ọkùnrin 30 kọ̀wé sí i láti Flushing pé àwọn ò lè tẹ̀lé òfin yìí. Wọ́n ní òfin ìfẹ́ àti àlàáfíà kan àwọn Júù, àwọn Tọ́ọ̀kì àti àwọn ará Íjíbítì pẹ̀lú, torí ọmọ Ádámù ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, púpọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé yẹn kì í ṣe Quaker rárá! Edward Hart, akọ̀wé ìlú, rẹ́wọ̀n he nítorí rẹ̀. Tobias Feake, ẹbí Hannah, pàdánù ipò.

Inú igbó làwọn Quaker ti ń pàdé, Hannah sì ń lọ. Kò sí pásítọ̀ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́, títí Ẹ̀mí yóò fi gbé ẹnì kan dìde láti sọ̀rọ̀, ìbáà ṣọkùnrin, ìbáà ṣobìnrin. John lọ wo ohun tí ìyàwó òun ń bá kiri, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ló bá ní kí wọ́n máa wá ṣèpàdé nílé òun.

Ilé ìdáná ni mo dúró sí pẹ́ jù. Àjà rẹ̀ rẹlẹ̀. Ààrò rẹ̀ fẹ̀ débi pé àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ kó sì wọ inú rẹ̀, ihò tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì sì wà níbẹ̀. Mò ń wo àyíká, mo ń ronú àwọn èèyàn tí wọ́n há ara wọn mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n sì mọ̀ pé ọlọ́pàá lè kanlẹ̀kùn. Nítorí ìpàdé yìí ni wọ́n ṣe mú John ní 1662. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì fi ọkọ̀ òkun gbé e kúrò nílùú. Ó dé Amsterdam, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ West India, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Dutch tó ni ilẹ̀ náà. Ní 1663, wọ́n kọ̀wé sí Stuyvesant pé kó yéé fipá mú ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni. John padà délé ní 1664. Gbogbo ìgbà tí kò sí nílé, ta ló ń bọ́ ọmọ? Hannah ni. Àwọn òpìtàn máa ń sáré kọjá lórí èyí, ó sì ń dùn mí.

Nígbà tó yá, òun náà di oníwàásù, ó sọdá òkun. London ló kú sí ní 1678.

Ilé ìpàdé tí àwọn Quaker kọ́ ní Flushing ní 1694, ọdún kan kí John tó kú, kò jìnnà sí ilé Bowne, wọ́n sì ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Ibojì àwọn àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní òkúta lórí. Níbi tí mo ti dàgbà, máábù la fi ń kọ́ ibojì bàbá ẹni, tí a ó kọ orúkọ àti oyè sí i lára gàdàgbà. Mo dúró lórí koríko yẹn, n kò mọ ẹni tí mo ń kí.

Àwọn Quaker kan ní ẹrú nígbà náà, ọmọ Yorùbá kankan ò sì lè fojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdílé yìí yí padà. Robert Bowne wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ìdáǹdè ẹrú New York sílẹ̀ ní 1785. Mary Bowne fẹ́ Samuel Parsons, orúkọ ìdílé tó ń gbé ilé náà sì yí sí Parsons. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1850, nígbà tí òfin mímú ẹrú tó sá lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, lẹ́tà kan wá bá William Bowne Parsons pé kó bá wọn fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan pamọ́. Lẹ́tà yẹn wà títí dòní. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe rí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ìran mẹ́sàn-án ló gbé ilé náà títí di 1945. Lórí òpópónà kan náà, tẹ́ḿpìlì Híńdù ńlá kan wà báyìí. Ẹ kọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó lọ, torí wọn kì í ṣí ilé náà lójoojúmọ́. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè Hannah.