Ṣọ́ọ̀tì tó sá pamọ́ sínú bọ́ọ̀dù àtijọ́

Kọ̀ǹpútà yẹn ò kú o, ó kàn lóun ò jí ni. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fi IBM PC XT ti 1983 ṣe àwòkọ́ṣe ni, tí mo bá ti tàn án báyìí, fáànù á mì lẹ́ẹ̀kan péré, power supply (àpótí tó ń pín iná fún un) á dún "kẹ́ẹ́", gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo ní power supply ló bàjẹ́, mo tú u palẹ̀ pátápátá, àṣé kò sóhun tó ṣe é, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe jẹ́jẹ́. Tó bá ti rí i pé iná ń rọ́ lọ síbì kan láìsí ìdíwọ́, á pa ara ẹ̀ kí nǹkan má baà jóná.

Mo yọ gbogbo káàdì, mo yọ díráìfù, kò yí padà, a jẹ́ pé inú bọ́ọ̀dù gan-an, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ so mọ́, ni wàhálà wà. Mo wá já wáyà iná kúrò (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mítà sí ohms, ibi tó ti ń wọn ìdíwọ́ iná, lórí bọ́ọ̀dù tí iná wà lára ẹ̀), mo ń wọ̀n ọ́n láti ojú ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, torí ibẹ̀ lọwọ́ ti ń tó gbogbo ẹ̀: B1 ni ground (ibi tí iná ń gbà pa dà), B3 ni 5V, B9 ni 12V. 5V ò ní wàhálà. Mo kan 12V, mítà ní 0.4 ohms. Bẹ́ẹ̀ tí mo bá fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kanra, 0.3 ló ń sọ! Bí ìgbà téèyàn fi irin so 12V mọ́ ground ni, ìyẹn là ń pè ní ṣọ́ọ̀tì.

Ẹni tó bá ti tú ẹ̀rọ ìgbà yẹn rí mọ olè tí à ń wá: kapásítọ̀ tantalum, àwọn pínníṣín tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, tó rí bí ẹ̀kán omi yẹn. Kapásítọ̀ alágolo tó bá gbó, ó sábà máa ń gbẹ tàbí kó jò ni, ṣùgbọ́n tantalum ní tiẹ̀ á di ṣọ́ọ̀tì, ìgbà míì á tiẹ̀ bú gbàù tòun ti iná. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mẹ́fà ló wà lórí 12V yẹn, wọ́n jọ so mọ́ra ni, èyíkéyìí tí mo bá wọ̀n, 0.4 kan náà ni. Ìkánjú mi, mo ṣáà yan méjì mo yọ wọ́n, àwọn méjèèjì ló dáa, ìkejì tiẹ̀ fa òrùka bàbà ihò ẹ̀ já. Inú bí mi débi pé mo pa áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo lọ sùn.

Ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe rèé. Mo gbé power supply orí tábìlì, èyí téèyàn lè yí bó ṣe fẹ́, mo yí i sí 1V, mo ní kí iná tó ń ṣàn má kọjá 1A (ampere kan), mo so ó mọ́ ibi tí 12V ti ń wọ bọ́ọ̀dù. Mo gbé mítà sí millivolt (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt), wáyà dúdú dúró sórí ground, mo ń fi pupa tẹ̀ lé ojú ọ̀nà bàbà díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà 96, iwájú díẹ̀ 91, lẹ́yìn náà 83. Bó ṣe ń sún mọ́ ṣọ́ọ̀tì ló ń lọ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá yà sí ẹ̀ka tí iná ò gbà kọjá, nọ́ńbà á dúró lójú kan, ẹ yáa pa dà sẹ́yìn. 74 ló kéré jù, lẹ́sẹ̀ kapásítọ̀ kan tó ń dán gbinrin, tí kò jóná, tí kò sán. Àwọn èèyàn máa ń ní ká fi ìka wá èyí tó gbóná, mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná rárá. 1A lórí 74 millivolt, 0.07 watt lásán ni, ìka wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Mo gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, ṣọ́ọ̀tì lọ. 16V ni wọ́n kọ sára ẹ̀, àyè tó kù fún un lórí 12V ò tó nǹkan, 10µF 25V ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi àmì o: ìlà tó wà lára tantalum, pọ́sítíìfù ló ń sọ, ti alágolo, nẹ́gẹ́tíìfù ni, tẹ́ ẹ bá gbé e sódì ẹ máa gbọ́ gbàù.

Mo tàn án, fáànù yí, ó dún "pípù" lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka memory. Ihò tí mo fà já, mo fi wáyà tín-ín-rín so ó lábẹ́, kò dùn ún wò rárá, mo yáa tètè dé e.