Bí nọ́sù bá ti já, ó tó

Ní ilé epo láìpẹ́ yìí, nọ́sù, irin ẹnu rọ́bà tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ọkọ̀, já lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà níwájú mi, "pàá!", epo sì dá dúró fúnra rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ní kí owó lè pé géérégé. Epo bá ru jáde, ó ṣàn gba ara ọkọ̀ dé ilẹ̀.

Ihò kékeré kan wà létí ẹnu nọ́sù. Bí epo bá ti bo ihò yẹn, afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà wọlé mọ́, irin inú rẹ̀ á sì ti epo pa. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àyè tó kù lókè táǹkì ní iṣẹ́ tirẹ̀, torí epo máa ń wú bí ooru bá mú. Èyí tí ẹ bá fi tipá rọ kún un lè wọ inú àpótí èédú tó ń gba oru epo nínú ọkọ̀ ìgbàlódé. Bí èédú yẹn bá mu epo, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú awakọ̀ á tàn, owó àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Bí nọ́sù bá ń já nígbà tí táǹkì ṣì ṣófo ńkọ́? Ìfóòfó ló sábà máa ń fà á. Ẹ fa nọ́sù síta díẹ̀, ẹ yí i, kí ẹ sì rọra tẹ̀ ẹ́.

Ta ló tún ti rí irú èyí?