Ẹ Béèrè Ìdí Kí Ẹ Tó Dájọ́ Ọpọlọ Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ wa jù ni pé bí a bá ṣe béèrè ni ọmọ ṣe máa dáhùn.

Ẹ wo àdánwò omi Jean Piaget, onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú. Ife méjì rí bákan náà, omi inú wọn dọ́gba, ọmọ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ da ọ̀kan sínú ife tóóró tó ga. Ọmọ ọdún 5 sábà máa ń ní tinú èyí ló pọ̀ jù, torí gíga nìkan ló ń wò, kò ka fífẹ̀ sí. Ní nǹkan bí ọdún 7, púpọ̀ nínú wọn á ní, “Ẹ ò kúkú bu omi kún un.” Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó tó da omi àti lẹ́yìn tó dà á tán, ọmọ lè rò pé òun ti ṣì í sọ, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́dún 1974, àwọn olùwádìí méjì, Rose àti Blank, lo nǹkan wẹ́wẹ́ tí a tò ní ìlà méjì. Nígbà tí wọ́n béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí wọ́n tún ìlà náà tò, àṣìṣe àwọn ọmọ dínkù.

Ti ìwà náà ń kọ́? Nínú ìtàn Piaget, ọmọ kan ṣèèṣì fọ́ ife 15, èkejì fọ́ ẹyọ kan níbi tó ti ń jí nǹkan jẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré ní ẹni tó fọ́ 15 ló burú jù. Iye yẹn ló gba ọkàn wọn. Ẹ jẹ́ kó di ife kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan èèṣì, ọ̀kan àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ẹ yàwòrán rẹ̀, kí ọmọ sì tún ìtàn náà sọ kó tó dájọ́. Ẹ ó rí i pé ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún náà mọ ìyàtọ̀. (Àwọn ọmọkùnrin ọdún 10 sí 16 ni Lawrence Kohlberg, olùwádìí tó ń fi ìtàn ìṣòro wo bí èèyàn ṣe ń dájọ́ ìwà, kọ́kọ́ lò, ẹ má gbé ìtàn rẹ̀ síwájú ọmọ ọdún 6.)

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù wá látinú iṣẹ́ Elliot Turiel, olùwádìí nípa bí ọmọ ṣe ń mọ ohun tó dáa àti ohun tó burú: “Bí tíṣà bá ní kò burú, ṣé ó dáa ká lu ẹlòmíì? Ṣé ó dáa ká sọ̀rọ̀ láìnawọ́?” Ọ̀pọ̀ á gba èkejì, wọn ò ní gba ti lílù. Nítorí náà, ẹ má sọ pé “òfin kíláàsì ni” fún ọmọ tó lu ẹlòmíì. Ẹ ní, “Wò ó, ó ń dùn ún.” Lẹ́yìn “kí ló dé?”, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ó kéré tán.

Ọmọ tó ṣàlàyé dáadáa pé jíjá nǹkan gbà kò dáa lè já pẹ́ńsùlù gbà kí aago ìsinmi tó lù. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ìkóra-ẹni-níjàánu rẹ̀ ni kò tíì bá ìmọ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ní kó dá a padà, kẹ́ ẹ sì ní kó fi bí wọ́n ṣe ń tọrọ nǹkan hàn yín.