Ẹ Bá Mi Dúpẹ́: Ọjọ́ 8 Tí N Kò Gbọ́ Ohùn Àwọn Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀kun o. Mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì padà wálé láàyè, tí ó sì parí ìjà tí ó ti fẹ́ sọ ilé wa di ojú ogun.

Púpọ̀ nínú yín ni ó bá wa sin ọmọbìnrin mi ní Ìsánlú níhìn-ín ní ọdún 4 sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè Ọya nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ, nítorí náà ilé-ẹjọ́ fi wọ́n sí ìkáwọ́ èmi àti bàbá àgbà wọn, bàbá wọn náà sì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìwé ilé-ẹjọ́ náà sọ nípa rẹ̀: pé ó lè máa wá rí àwọn ọmọ ní àsìkò tí ó bá bójú mu. Gbólóhùn yẹn ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gba ọ̀nà Kàbà kọjá ni àsìkò náà bójú mu, ì báà jẹ́ aago 9 alẹ́. Lójú tèmi, ó di ìgbà tí mo bá gbà. Nígbà tí ó tún fẹ́ ìyàwó mìíràn, ọkàn mi le sí i. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé ní ọjọ́ Kérésìmesì mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì dúró ní ìta pẹ̀lú aṣọ ọdún tí ó rà fún wọn, títí ó fi padà lọ. Mo rò pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi ti sọ àwọn ọmọ di tèmi nìkan.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, bàbá àgbà gbà kí ó mú wọn lọ sùn mọ́jú ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Sátidé kọjá, a kò rí wọn. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. A wá wọn dé Mọ̀pà, dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, dé Kàbà, kò sí ìbátan rẹ̀ kan tí ó fi ibi tí ó wà hàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin mọ̀ pé ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, oògùn tí ó ń lò lójoojúmọ́ sì wà lórí tábìlì mi. Ọjọ́ 8 ni mo fi ń wo ike oògùn yẹn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n wọlé, ara ọmọ náà sì le. Ìyàwó tí n kò fẹ́ fi ojú rí ni ó lọ ra oògùn náà ní kẹ́míìsì láti ọjọ́ kìíní, tí ó ń fún un lómi mu déédéé, tí kò sì jẹ́ kí òtútù mú un. Ọwọ́ tí mo kọ̀ ni Ọlọ́run fi pa ọmọ mi mọ́.

Síbẹ̀ a padà sí ilé-ẹjọ́, nítorí ohun tí ó ṣe kò dára, ohun tí èmi náà ṣe kò sì dára. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Kogí sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2009, fi ire ọmọ ṣáájú ẹkún mi àti ìbínú bàbá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà dé ilé wa, ó dé ilé bàbá wọn, ó sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi tí a kò sí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sọ fún un pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bi òun léèrè ẹni tí òun fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìkáwọ́ wa ni wọ́n ṣì wà, ṣùgbọ́n ìwé tuntun náà dá ọjọ́, wákàtí àti ibi: Sátidé àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta nínú oṣù, láti aago 10 òwúrọ̀ di aago 5 ìrọ̀lẹ́, ní àgbàlá ìjọ yìí. Àpò oògùn gbọ́dọ̀ bá ọmọ lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ rán ìjà sí ara wa.

Oṣù 5 rèé, kò yẹ̀ rí. Ní Sátidé tí ó kọjá, ọmọkùnrin náà ti sùn lé èjìká bàbá rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jí i, kí ó bá mi gbé e dé yàrá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wọ ilé wa láti ọjọ́ Kérésìmesì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ọ̀nà fún wọn kí wọ́n wá bá wa jó dé iwájú pẹpẹ.