Ẹ Wá Orúkọ Yín Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ Ẹbí

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbọ́ pé ẹ ti ń dá owó aṣọ ẹbí nítorí ẹni tiwa tó fẹ́ díje fún ipò kánsẹ́lọ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọ̀nà tí a gbà nínú ìbò kánsù ọdún 2022, tí ẹni tiwa fi fìdí rẹmi, ni ẹ tún fẹ́ gbà, mi ò sì ní wò yín níran.

Èkíní, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Ìlú Ọba, ì báà ṣe ìbò kánsù tàbí ti ilé aṣòfin, torí pé ara Kọ́mọ́ǹwẹ́ẹ̀tì ni wá. Kò dìgbà tí ẹ bá gba pásípọ́ọ̀tù wọn.

Èkejì, ó pẹ́ tán, kí orúkọ yín ti wọ ìwé olùdìbò nígbà tó bá ku ọjọ́ iṣẹ́ 12 kí ìbò wáyé. Àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń gbé báyìí ni kí ẹ fi sí i.

Èkejì yìí ló ba tiwa jẹ́. Nínú ìpàdé, mo dìde, mo ní kí a pín àdúgbò láàárín ara wa, kí a máa kan ilẹ̀kùn, kí a bi oníkálukú bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bàbá kan dá mi lóhùn pé òun ti ń polongo ìbò n'Íbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní kí n lọ bójú tó oúnjẹ. Oúnjẹ! Ohun tí òfin ibí kà sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ bá fi ń wá ìbò. Gbọ̀ngàn kún, onílù lu ìlù, gbogbo ènìyàn ní àwọn ti wọlé.

Ọjọ́bọ̀ ni ìbò bọ́ sí. Kò sí ìsinmi, kò sí pé wọ́n ti títì. Láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, ẹni tó bá ráyè ló ń yà á. Àwọn èèyàn wa dé lóòótọ́, ni wọ́n bá ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ wọn kò sí. Ìyá kan ti ibi iṣẹ́ òru wá tààrà. Ó bi mí pé, "Ta ló yẹ kó ti sọ fún mi?" Iye ìbò tí wọ́n fi bórí wa kò tó iye àwọn tí wọ́n dá padà lójú èmi nìkan. Títí dòní, kò sẹ́ni tó wá bá mi pé òótọ́ ni mo sọ.

Mo mọ ibi tí ìwà àwọn bàbá náà ti wá. Nílé, ọjọ́ ìbò gan-an niṣẹ́ wà. Sátidé ni, ọkọ̀ kì í rìn, ẹ̀rọ BVAS á yẹ ìka tàbí ojú wò, wọ́n á ka ìbò níṣojú gbogbo wa, wọ́n á lẹ èsì mọ́ ibùdó. Ẹni tó rí bí wọ́n ṣe fagi lé ìbò June 12, 1993 kò ní ṣàìṣọ́ ìbò rẹ̀. Mo ṣì gbà pé kíka ìbò lójú àwọn tó dì í sàn ju ti ibí lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbé àpótí lọ sí gbọ̀ngàn kan tí aráàdúgbò kò ní dé. Ṣùgbọ́n kí àpótí tó jáde níbí ni ìbò ti ń parí. Ọ̀pọ̀ ti fi tiwọn ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Agbára tí à ń fi ṣọ́ àpótí nílé, ẹnu ilẹ̀kùn ló yẹ kí a ná an sí, oṣù mélòó kan ṣáájú.

Ohun kan tún ti yí padà. Láti ọdún 2023, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìdìbò ní ibùdó láìrí ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, káàdì ilé ẹ̀kọ́ yín kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín ṣiṣẹ́, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí fọ́tò inú rẹ̀ bá ṣáà ti jọ yín.