Ẹ kọ ọ́ pé ibà ni

Ọjọ́bọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ibà ni." Bàbá kan ló ń bẹ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì láàárọ̀. Ó rọra sọ ọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí.

Ìyókù ọjọ́ kò ní nǹkan kan nínú: òjò, ìpàdé ẹbí tí ẹ̀gbọ́n ò wá sí, iná tó lọ bí mo ṣe fẹ́ lọṣọ. Ọ̀gá mi ti dé láti ìsinmi. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Ibà! Kí ló ń bí mi nínú tó báyìí? Ọmọ fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Ọlọ́run ò jẹ́, bàbá ń wá orúkọ tí kò ní dójú ti ilé. Bí a bá kọ ibà, oògùn ibà ni wọ́n máa fún un, kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé, "Ṣé ó ṣì ń ṣe ọ́ bíi kó o kú?" Iṣẹ́ tèmi sì nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé bíbéèrè ló ń fi í sí èèyàn lọ́kàn. Irọ́ ni. Àwọn tí mo ti bi, ṣe ni ọ̀pọ̀ wọn mí kanlẹ̀.

Àmọ́ ṣé bàbá yẹn jẹ̀bi ṣá? Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn òyìnbó tó gbé òfin náà lé wa lọ́wọ́ ti fagi lé tiwọn láti 1961! Èkó tún òfin tiẹ̀ ṣe ní 2011, ilé ìwòsàn ni kílé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní Jánúárì 2023 dáa, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan abala yẹn.

Ọlọ́pàá ló ń bà á lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ojútì. Tàbí méjèèjì. Tàbí àwọn tó máa wá wádìí ilé lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ lọ́kọ...

Akọ̀wé ò tiẹ̀ wojú ẹ̀: "Bàbá, ẹ lọ sanwó káàdì." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bàbá náà gbé kúlà oúnjẹ wá o, ó ń bẹ ọmọ pé kó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Mi ò sọ pé sọ́ṣíà wọ́kà ni mí. Wọ́n á rò pé ìjọba ló rán mi.

Lọ́la a máa jọ kọ ètò ààbò: àmì tó máa ń kọ́kọ́ yọ, ẹni tí ọmọ lè pè lóru, ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé. Ṣé kí n kọ́kọ́ bá bàbá nìkan sọ̀rọ̀? Àbí ìyá ẹ̀... Dúró ná. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá lónìí.